Àtìpó

Àtìpó ni ẹni tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, tó ń gbé ìlú onílùú. Ọmọ Odo-Ape, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kábbà/Bùnú, tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ọ̀kan. Àlejò yóò kí onílé, yóò sì padà; àtìpó ń sanwó ilé, ó ń ṣiṣẹ́, àìsàn sì ń bá a níbẹ̀.

Inú àdúgbò ló yẹ ká ti wádìí irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ dókítà kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn.

Láàárín 2008 sí 2010, àwọn onímọ̀ King's College London wọ ilé dé ilé ní Lambeth àti Southwark, níbi tí Peckham wà. Ẹni 1,698, onílé àti àtìpó, ló dáhùn ìbéèrè wọn nípa ìlera ara àti ti ọpọlọ.