Àjọṣe Yunifásítì lórí Ìwádìí Ìṣíkiri ní Abidjan

Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé ó lé ní ẹnì kan nínú márùn-ún ní Côte d'Ivoire tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ mìíràn. Àwọn ará Burkina Faso ló pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí MIDEQ, ìwádìí ìṣíkiri tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 lábẹ́ Yunifásítì Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi mú orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó wádìí àlejò níbi tó dé sí nìkan kò lè mọ ohun tó lé e kúrò nílé.

Àwọn kan á ní láìsí owó òkèèrè, irú àjọṣe yìí kò lè dúró. Owó náà wúlò lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gé owó ìrànwọ́ rẹ̀ kù ní 2021, ó kan MIDEQ náà. Nítorí náà, pàṣípààrọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láàárín Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny ní Cocody, Abidjan, àti Yunifásítì Joseph Ki-Zerbo ní Ouagadougou, Burkina Faso, ló yẹ kó jẹ́ ìpìlẹ̀ irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Èdè Faransé ni méjèèjì fi ń kọ́ni, rélùwéè ti so ìlú méjèèjì pọ̀ láti 1954, àjọ CAMES tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968 sì ti mú kí ilé ẹ̀kọ́ gíga orílẹ̀-èdè méjèèjì máa ka ìwé ẹ̀rí ara wọn sí.