Láti Abẹ́ Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Dé Èbúté: Ìtàn Ìlànà Ìmúdára Kòkó ní Ilẹ̀ Àkókó

Bí wọ́n bá dárúkọ kòkó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ìdànrè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí, kì í ṣe Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà ní Àkókó. Síbẹ̀, kòkó wà lẹ́bàá àwọn òkè olókùúta Àkókó, àwọn oníṣòwò ń rà á, ọkọ̀ sì ń gbé àpò rẹ̀ gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ kọjá sí etíkun. Kòkó ló sì fún wa ní ọ̀kan nínú àwọn ètò tó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá fún mímú ọjà dára nípa ìlànà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé.

Kò sí òórùn ṣokoléètì kankan nínú kóró kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ìgbà tí àgbẹ̀ bá kó o jọ, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ 5 tàbí 6, tó sì ń yí i kí ooru lè kárí, ni òórùn náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú tú u síta lọ́jọ́ kejì, inú kóró rẹ̀ yóò rí bí eérú, yóò sì korò. Lẹ́yìn èyí ni sísá, títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 lọ. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bu nínú àpò. Bí òjò kò bá jẹ́ kí oòrùn ràn, tí àgbẹ̀ sì fi iná yá a, èéfín á wọ inú rẹ̀, kò sì sí ilé iṣẹ́ kankan lókè òkun tó lè yọ ọ́ kúrò.

Ọdún 1874 ni wọ́n máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ kòkó ní Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n gbé e wọ Bonny láti erékùṣù Fernando Po. Àwọn àgbẹ̀ Àgége bí J. K. Coker ló sọ ọ́ di òwò ńlá ní apá Èkó. Àwọn alágbàṣe tó wá ṣiṣẹ́ ní oko wọn sì gbé irúgbìn padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ràn lọ sí ìlà oòrùn.

Bí kòkó ṣe ń pọ̀ ni kòkó burúkú náà ń pọ̀. Kí ọdún 1930 tó dé, ìjọba amúnisìn ti pàṣẹ pé wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ kòkó wò kó tó lọ sókè òkun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn, mo sì kà á sí iṣẹ́ ọgbọ́n. Olùyẹ̀wò á fa kóró jáde káàkiri inú àwọn àpò, á ka 300, á fi ọ̀bẹ là wọ́n ní gígùn, á sì wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìlànà àgbáyé tó jáde ní 1969, Gíréèdì Kìíní kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 3 nínú 100 tó bu, ìdá 3 tí inú rẹ̀ rí bí eérú, àti ìdá 3 tí kòkòrò jẹ, tó hù tàbí tó fẹ́lẹ́. Fún Gíréèdì Kejì, ó jẹ́ 4, 8 àti 6. Èyí tó bá yege, wọ́n á fi òjé dí ẹnu àpò rẹ̀.

Àyẹ̀wò nìkan kò lè sọ kòkó burúkú di rere. Ohun tó yí iṣẹ́ àgbẹ̀ padà ni owó. Ní 1947 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń ta kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954 iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n ń kéde iye owó kí ìgbà títà tó wọlé, gíréèdì kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀. Àgbẹ̀ tó bo kòkó rẹ̀ dáadáa rí èrè rẹ̀ lójú òṣùwọ̀n, àwọn gíréèdì ìsàlẹ̀ sì parẹ́ lọ́jà díẹ̀díẹ̀. Lóòótọ́, ìgbìmọ̀ náà ń fi púpọ̀ nínú owó àgbẹ̀ pamọ́ fún ìjọba, ìyẹn sì dun àwọn àgbẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti dídára ọjà, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Èrò pé àyẹ̀wò nìkan kò tó ń dàgbà níbòmíràn náà. Ní 1924, Walter Shewhart tó ń bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Bell ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ya àtẹ kan tó ń fi hàn nígbà tí nǹkan bá ń yí padà lẹ́nu iṣẹ́, kí ọjà tó bàjẹ́. Ní 1950, W. Edwards Deming gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Japan: tún ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe nǹkan ṣe, ẹ má dúró de òpin kí ẹ tó ṣa èyí tó bàjẹ́ sọnù. Ohun tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bá àgbẹ̀ Àkókó sọ nìyẹn.

Ọdún 1986 ni ìjọba Babangida tú àwọn ìgbìmọ̀ títà irè oko ká. Owó tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ lọ sókè, inú ọ̀pọ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò tó fẹ́ fi kòkó kó owó òkèèrè jọ ya wọ ọjà. Wọ́n ń ra tútù àti gbígbẹ pa pọ̀ ní iye kan náà. Ta ló tún fẹ́ bo kòkó fún ọjọ́ mẹ́fà? Orúkọ kòkó wa bàjẹ́ lókè òkun. Ghana, tó pa ìgbìmọ̀ tirẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ẹ̀ka àyẹ̀wò rẹ̀, ń gba owó tó lé lórí tiwa. Àwọn olùyẹ̀wò ìpínlẹ̀ ṣì wà, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí kòkó Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, sì ń kọ́ àgbẹ̀. Ìyàtọ̀ owó láàárín kòkó rere àti kòkó burúkú ló ti pòórá.

Òfin tí Yúróòpù ṣe ní 2023 tún fẹ́ mọ ilẹ̀ tí kòkó ti wá gan-an, kí ó má baà jẹ́ igbó tí wọ́n gé lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020. Àwọn kan rí i bí ẹrù tuntun lórí àgbẹ̀. Èmi rí àǹfààní kan nínú rẹ̀: kí wọ́n tó lè mọ ilẹ̀ tí àpò kan ti wá, wọn kò ní lè da kòkó gbogbo ènìyàn pọ̀ mọ́. Bí a bá sì ti mọ oko tí àpò ti jáde, oníṣòwò tó bá fẹ́ lè san owó tó lé fún ẹni tó bo kòkó rẹ̀ pé ọjọ́, ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà, kó tó gbé e sórí ọkọ̀.