Ìgbì Rédíò Tó Ń Gba Ọ̀nà Púpọ̀ Wọlé

Ìgbì rédíò kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo láti orí máàsìtì dé inú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Apá kan ń wá tààrà. Apá mìíràn a lu ilẹ̀, òkè, omi tàbí ògiri ilé gíga, a sì ta padà kó tó dé. Èyí tó ń lọ sọ́nà jíjìn, òfurufú lókè lọ́hùn-ún ló ti ń ta padà sílẹ̀. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn rù, àmọ́ ọ̀nà wọn kò gùn dọ́gba, nítorí náà wọn kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló ń pinnu bóyá ohùn yóò já geere, yóò rẹlẹ̀, tàbí yóò dàrú. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a ń bú ilé iṣẹ́ rédíò pé ẹ̀rọ wọn kò lágbára, agbára ń bẹ níbẹ̀; àwọn ìgbì náà ló ń pa ara wọn lórí éríà wa.

Ìgbì a máa ga, a sì máa rẹlẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìgbì FM tó wà ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì 100 ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mílíọ̀nù 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan bíi kìlómítà 300,000 ló sì ń sá láàárín àkókò yẹn, nítorí náà mítà 3 ló wà láti ténté ìgbì kan dé ténté èyí tó tẹ̀ lé e. Ká ní ọ̀nà ìgbì tó ta padà fi mítà 3 gùn ju ti èyí tó wá tààrà lọ, òkè yóò bá òkè, ìsàlẹ̀ yóò bá ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá sì lágbára dọ́gba, agbára tó wọ éríà yóò di ìlọ́po mẹ́rin ti ọ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ mítà 1.5 ni ìyàtọ̀ náà, òkè ọ̀kan yóò bọ́ sórí ìsàlẹ̀ èkejì, kò sì ní sí ohun tí rédíò máa gbọ́. Ọmọ méjì tó ń ti jáńgílófà ni wọ́n jọ: bí wọ́n bá jọ tì í lẹ́ẹ̀kan náà, á fò sókè, bí ọ̀kan bá ń tì í nígbà tí èkejì ń fà á, á dúró sójú kan, bó ti wù kí wọ́n lágbára tó.

Títa padà fúnra rẹ̀ tún ń dá kún un. Ìgbì tó bá fẹ̀gbẹ́ ra ilẹ̀ tàbí omi kọjá máa ń dojú dé bó ṣe ń ta: òkè rẹ̀ á di ìsàlẹ̀. Bí éríà bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà èyí tó dojú dé á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èyí tó wá tààrà tán. Ìdí nìyí tí gbígbé òpó éríà sókè fi ń ṣiṣẹ́, kódà níbi tí ilé kankan kò ti dínà.

Awakọ̀ tó wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ mọ bí ìgbì ṣe ń pa ara wọn yìí dáadáa. Ọkọ̀ dúró, FM ń hó ṣàà. Ó sún síwájú ní ìwọ̀nba mítà kan, ohùn mọ́ kedere.

Ẹni tó sọ ìdààmú yìí di irinṣẹ́ ni Edward Appleton, iṣẹ́ tó sì fi ṣe wà lára èyí tó dára jù lójú mi nínú gbogbo ìtàn rédíò. Àdììtú kan ló ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1901, Marconi, aṣáájú nínú iṣẹ́ rédíò, kéde pé òun gbọ́ àmì rédíò ní Newfoundland láti Poldhu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayé rí roboto, ìgbì sì ń lọ gbọnrangandan. Báwo ló ṣe wá kọjá òkun Àtìláńtíìkì? Ní 1902, Arthur Kennelly ní Amẹ́ríkà àti Oliver Heaviside ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dábàá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé ìpele kan wà lókè tí iná mànàmáná wà nínú rẹ̀, tó ń dá ìgbì padà sílẹ̀. Ẹ̀rí kò tíì sí. Lóru ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1924, Appleton àti Miles Barnett, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó wá láti New Zealand, lo ẹ̀rọ BBC tó wà ní Bournemouth lẹ́yìn tí ètò ọjọ́ náà ti parí, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìgbóhùn tiwọn sí Oxford. Bí wọ́n ṣe ń rọra yí gígùn ìgbì padà ní Bournemouth, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó ń dé Oxford ń ga, tó ń rẹlẹ̀, léraléra, nítorí èyí tó gba orí ilẹ̀ àti èyí tó gba òkè ń ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n tún ń pa ara wọn. Wọ́n ka iye ìgbà tó ga tó sì rẹlẹ̀. Iye yẹn ni wọ́n fi ṣírò bí ọ̀nà òkè ṣe gùn ju ti ilẹ̀ lọ tó, àti látibẹ̀, bí ìpele náà ṣe ga tó: nǹkan bíi kìlómítà 100. Lẹ́yìn náà Appleton rí òmíràn tó ga ju kìlómítà 200 lọ. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1947.

Àwọn ìpele wọ̀nyí, tí à ń pè ní ionosphere, kì í dúró sójú kan. Lọ́sàn-án, apá ìsàlẹ̀ wọn ń gbé ìgbì mídíọ́ọ̀mù wéèfù mì. Bí oòrùn bá wọ̀, apá yẹn á pòórá, àwọn ilé iṣẹ́ tó jìnnà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn tó fi ṣọ́ọ̀tì wéèfù gbọ́ BBC rántí bí ohùn ṣe máa ń ròkè, tí á tún lọ sílẹ̀. Ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì 10, gígùn ìgbì jẹ́ mítà 30. Kí ọ̀nà kan fi mítà 15 péré gùn sí i ti tó láti sọ ohùn tó ròkè di ìdákẹ́jẹ́. Ní 1925, Harold Wheeler ṣe ètò tó ń jẹ́ kí rédíò fúnra rẹ̀ gbé ohùn sókè nígbà tí ìgbì bá rẹlẹ̀. Ó wúlò, àmọ́ kò wo èyí tó burú jù sàn. Ìgbì AM, irú èyí tí mídíọ́ọ̀mù wéèfù àti ṣọ́ọ̀tì wéèfù ń lò, ní àárín tó ń gbé ohùn rìn, ó sì ní ẹ̀gbẹ́ méjì tí ohùn gan-an wà. Gígùn wọn yàtọ̀ díẹ̀, nítorí náà wọn kì í sábà pòórá pọ̀. Nígbà tí àárín bá lọ tí ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́kù, ohùn á lọ́, ọ̀rọ̀ kò sì ní yéni bó ti wù kó dún sókè tó. Ní Riverhead, ní ìpínlẹ̀ New York, Harold Beverage àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò RCA gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n gbé éríà sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó jìnnà síra, torí pé ìgbì kì í sábà pòórá lórí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1959, ojú ni a fi ń rí ìgbì tó ta padà: àwòrán kejì tó ṣú fẹ́ẹ́rẹ́ ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún. Ọ̀tún ló ń wà nítorí pé láti òsì ni ẹ̀rọ ti ń ya ìlà kọ̀ọ̀kan, ìgbì tó ta padà sì pẹ́ dé. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá fi mítà 300 gùn jù, á fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, òjìji náà á sì jìnnà tó ìdá 2 nínú 100 fífẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n. Éríà tí Uda àti Yagi ṣe ní Japan ní 1926, tó ń kọjú sí apá kan ṣoṣo, ni wọ́n fi ń bá a jà. Ẹnì kan á máa yí òpó níta, ẹnì kan á máa ké nínú ilé pé ó ku díẹ̀, dá a padà, ó ti mú! Iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gidi ni wọ́n ń ṣe: apá ibi tí ìgbì tó ta padà kò ti ní ráyè wọlé ni wọ́n ń wá.

Tẹlifíṣọ̀n díjítà kò ní òjìji. Àwòrán rẹ̀ á mọ́, tàbí kó dúró gbagidi. Ètò DVB-T2 tó wà ní Nàìjíríà ń pín iṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbì kéékèèké tí kò kánjú, ó sì ń fi àyè díẹ̀ sáàárín ìránṣẹ́ kan àti èkejì kí èyí tó ta padà lè dé tán. Fóònù 4G ń ṣe irú rẹ̀. Ní 1996, Gerard Foschini ti ilé ìwádìí Bell Labs tún lọ síwájú: ó fi hàn pé bí éríà bá pọ̀ lọ́wọ́ afiránṣẹ́ àti agbàránṣẹ́, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ìgbì gbà lè ru ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí iṣẹ́ sì pọ̀ sí i láìfi kún àyè tí wọ́n ń lò lójú afẹ́fẹ́. Wi-Fi tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2009, èyí tí à ń pè ní 802.11n, ń lo ọgbọ́n yìí. Nínú yàrá tí ògiri yí ká ló ti ń ṣe dáadáa; ní gbangba tí kò ti sí ohun tí ìgbì máa lù ta padà, àǹfààní náà máa ń dín kù.