Ọwọ́ Méjì Nínú Àwọ̀n: Ìtàn Ràṣídì Yẹkínì

Bí mo bá dúró sí géètì LASU lónìí, tí mo ní kí ẹni mẹ́wàá dárúkọ atamátàsé ọmọ Sípéènì fún mi, wọn ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Raúl, Fernando Torres, David Villa: wọ́n á kà wọ́n bí ẹni ń ka orúkọ ẹ̀gbọ́n ilé. Wọ́n á sọ ọdún tí Villa dé Barcelona fún mi, wọ́n á tún sọ iye tí Chelsea fi ra Torres. Kò burú. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi àwọn ẹni mẹ́wàá náà pé ọmọ Yorùbá wo ló wọ aṣọ Sporting Gijón nílẹ̀ Sípéènì lọ́dún 1995, àfàìmọ̀ kí n má dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí àwọn kọ̀ndọ́ á sì máa pè mí sínú ọkọ̀ Mile 2.

Ràṣídì Yẹkínì ni. Ṣé ẹ ti wá rántí? Ẹni tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé. Gbogbo wa la mọ àwòrán yẹn: ọkùnrin gíga kan nínú aṣọ Super Eagles sáré wọ inú ilé góòlù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó di okùn rẹ̀ mú, ó ń mì ín, ó ń pariwo, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. A ò tíì bí mi lọ́dún 1994. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí náà, wọn ò tíì bí yín. Síbẹ̀ a mọ àwòrán náà bí ẹni pé ojú wa ló ṣe. Ohun tó ń ká mi lára níbẹ̀ ni pé àwòrán la mọ̀, a ò mọ ọkùnrin náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ èyí.

Ìlú Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 23 oṣù October, ọdún 1963, ṣùgbọ́n Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni ilé bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù UNTL, ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà ní Kàdúná, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1982 ó wá sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ Shooting Stars. Ẹ bi àwọn bàbá yín léèrè ohun tí Shooting Stars jẹ́ nígbà yẹn. Àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí ò kì í fi ṣeré rárá. Ní 1984 wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba liigi nílẹ̀ Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì ni wọ́n bá pàdé. Zamalek nà wọ́n ní 2-0 ní Káírò, wọ́n tún wá nà wọ́n ní 1-0 ní Èkó níbí. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ará Ìbàdàn dé ọkàn. Ọdún yẹn náà ni Yẹkínì kọ́kọ́ wọ aṣọ Nàìjíríà.

Láti Ìbàdàn ó kọjá sí Abẹ́òkúta, sínú ẹgbẹ́ Abiola Babes. Ẹ fi ìka sí ibí yìí, a ó padà wá síbẹ̀. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló ni ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Lẹ́yìn náà ni Yẹkínì lọ sí Africa Sports ní Abidjan. Ó lo ọdún bíi mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tó di 1990, ó dé ìlú Setúbal nílẹ̀ Pọtogí.

Setúbal kì í ṣe ìlú ńlá bí Lisbon. Ìlú èbúté ni, tí wọ́n ti ń pẹja. Tí ẹ bá fẹ́ fojú inú wò ó, ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà márosẹ̀ tó gba iwájú wa kọjá yìí títí dé Bàdágìrì, kẹ́ ẹ wo omi. Ibẹ̀ ni ọmọ Ìrá ti di ọba. Ní sáà 1992 sí 1993, nígbà tí Vitória Setúbal wà ní ìpele kejì, góòlù 34 ló jẹ. Wọ́n gòkè. Àwọn èèyàn ní ó dáa, ìpele kejì nìyẹn, ẹ jẹ́ ká rí i lókè. Ní sáà tó tẹ̀ lé e ó jẹ góòlù 21 ní ìpele àkọ́kọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo Pọtogí, ìbáà jẹ́ Benfica, ìbáà jẹ́ Porto, tó jẹ tó o. Ẹgbẹ́ kékeré ló ti ṣe é o! Lọ́dún 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà. Nínú Ife Áfíríkà ti 1992 ní Sẹ̀nẹ̀gà, òun ló jẹ góòlù jù, 4. Ní Tùnísíà lọ́dún 1994, òun náà ni, 5, wọ́n sì tún ní òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù níbẹ̀. Nàìjíríà na Sáḿbíà ní 2-1 ní àṣekágbá, wọ́n gbé ife náà wálé.

Gbogbo èyí, kí Ife Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ 30 ọdún ni nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ orí yẹn, atamátàsé mìíràn ti ń wá ibi tó máa jókòó sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀sẹ̀ tí góòlù yẹn bọ́ sí, nítorí àwọn tó ń pín fídíò rẹ̀ kiri kì í sọ apá yẹn. Ní June 12, 1993, àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò, àwọn ológun sì fagi lé e. Ẹni tí a dìbò fún ni Abíọ́lá, ẹni tó ni Abiola Babes. Ní ọjọ́ 11 oṣù June, 1994, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹpẹ́tẹ̀dó, ní Erékùṣù Èkó. Láti ìgbà náà ni ọlọ́pàá ti ń wá a. Ní ọjọ́ 21, ní ìlú Dallas, Nàìjíríà pàdé Bọ̀lùgéríà. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógún, Finidi George gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún, ó fi í kọjá níwájú ilé, Yẹkínì sì tì í wọlé. Daniel Amokachi jẹ ìkejì, Emmanuel Amunike jẹ ìkẹta. 3-0. Ẹ má sì rò pé ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ ni Bọ̀lùgéríà yìí: Hristo Stoichkov ti Barcelona wà nínú wọn, wọ́n sì na Jámánì kí wọ́n tó tá nínú ìdíje yẹn. Ní ọjọ́ 23, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn góòlù náà, wọ́n mú Abíọ́lá lọ. Kò jáde láàyè mọ́.

Ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Abíọ́lá rí ló sunkún nínú àwọ̀n yẹn. Mi ò sọ pé nítorí Abíọ́lá ló ṣe sunkún o, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo kàn ń sọ pé àwọn tó ń wò ó nílé, ohun tó wà lọ́kàn wọn lóru yẹn ju bọ́ọ̀lù lọ.

Bàbá kan wà tó ń tún bàtà ṣe nítòsí ọjà Ìyànà-Ìba. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ń rán bàtà mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ògo ẹni kan ṣoṣo ládùúgbò àwọn ló ní jẹnẹrétọ̀ tó dáa, ó gbé tẹlifíṣọ̀n sójú fèrèsé, gbogbo òpópónà sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òru ni, nítorí ìrọ̀lẹ́ ti Amẹ́ríkà, òru tiwa ni.

"Ọmọ mi, lásìkò yẹn èèyàn ò kàn án pariwo lóru. O ò mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Àmọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù yẹn wọlé, a pariwo."

"Bàbá, kí lẹ rò pé wọ́n ń sọ nínú àwọ̀n yẹn?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Kí ni kó sọ? Ẹkún ló ń sun."

Àríyànjiyàn ńlá nìyẹn láàárín àwa ọ̀rẹ́ ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan ní àdúrà ni. Òmíràn ní ìyá rẹ̀ ló ń pè. Èmi tó jẹ́ pé ewì ni mò ń kọ, ìdáhùn bàbá oníbàtà ló tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Ẹ tún wo góòlù náà dáadáa, kẹ́ ẹ fi orí balẹ̀. Finidi ló ṣe iṣẹ́ tó le. Ẹsẹ̀ lásán ni Yẹkínì fi tì í. Ohun tí atamátàsé jẹ́ gan-an nìyẹn: ẹni tó ń gbé lára ẹni tó ń fún un ní bọ́ọ̀lù. Ní Setúbal wọ́n ń fún un, ó ń jẹ ẹ́. Nínú Ife Àgbáyé yẹn, kò jẹ góòlù mìíràn mọ́ títí Ítálì fi na Nàìjíríà ní 2-1, tí Roberto Baggio jẹ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, Olympiacos ti Gíríìsì mú un. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbá kò rẹ́, kò sì pẹ́ tó fi kúrò. Ìgbà náà ló dé Gijón ní Sípéènì, níbi tí orúkọ rẹ̀ ìbá ti wọ ẹnu àwọn ẹni mẹ́wàá tí mo fẹ́ bi léèrè ní géètì. Iná náà ò ràn níbẹ̀. Ó padà sí Setúbal lọ́dún 1997, ṣùgbọ́n odò tó ti ṣàn lọ kì í ṣàn padà. Ó lọ sí Zürich.

Ó ṣì wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí Faransé ní 1998. Ní ọjọ́ 13 oṣù June ọdún yẹn, ní ìlú Nantes, Nàìjíríà na Sípéènì ní 3-2. Raúl jẹ góòlù lọ́jọ́ náà, ẹ gbọ́ o, Raúl tiyín. Mutiu Adépọ̀jù, ọmọ Ìbàdàn, ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ tiwa, Sunday Oliseh ló sì fi ìbọn parí ọ̀rọ̀. Ó dùn mí pé kì í ṣe Yẹkínì.

Ẹ jẹ́ kí n sáré ka ìyókù: Bizerte ní Tùnísíà, Riyadh, Abidjan lẹ́ẹ̀kan sí i, Julius Berger nílé níbí. Ní 2005, nígbà tó pé ọmọ 41, ó tún wọ bàtà fún Gateway. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi rò pé ẹni tí a ti fi orúkọ góòlù pè fún ogún ọdún ni, kò mọ orúkọ mìíràn tó lè jẹ́.

Góòlù 37 ló jẹ fún Nàìjíríà. Títí ọdún 2025 fi parí, kò tíì sẹ́ni tó kọjá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Victor Osimhen ti ń mí sí i lẹ́yìn. Mo lọ wá ẹ̀wù rẹ̀, nọ́ńbà 9, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta jésì òkìríkà ní Ìyànà-Ìba. Torres wà. Ẹni tó ń tajà ní, "Brọ̀dá, ta ni Yẹkínì?"

Ìbàdàn ló padà sí. Lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀ ni àwọn ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ò yá, pé ó dá gbé, pé kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù May, 2012. Ọmọ 48 ọdún. Nígbà náà ni gbogbo ayé sọ̀rọ̀, tí àwọn kan ń dá ẹ̀bi fún àwọn kan. Mi ò ní dá sí ìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé láti 1994 títí di ọdún yẹn, ọdún 18, a ń fi ẹkún ọkùnrin yìí pawó, à ń fi ṣe ìpolówó, à ń fi ṣe ìwúrí, kò sì sẹ́ni tó fún un ní bọ́ọ̀lù.

Ìrá ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì ìtàn àbáláyé pẹ̀lú mi mọ Ìrá: ibẹ̀ ni àwọn àgbà ní Ọya wọlẹ̀ sí lẹ́yìn tí Ṣàngó lọ. Ọlọ́jọ́ afẹ́fẹ́ líle. Láti ibí, èèyàn á kọ́kọ́ dé Ọ̀fà, lẹ́yìn náà á wá ọkọ̀ Ìrá. Mo ti béèrè owó ọkọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi lọ ní ìsinmi, kó kàn sí mi.