Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Olú Lórúkọ

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ èṣí, àbúrò mi já olú funfun kan wálé láti ẹ̀yìn ààtàn. Kó tó gbé e kalẹ̀ ni màmá wa àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde ti bi í pé, "Níbo lo ti já a?" Bó ṣe dáhùn, wọ́n dà á nù. Wọ́n ní olú tí àwọn mọ̀, orí ọ̀gán ló ń hù, gbòǹgbò rẹ̀ a sì gùn wọlẹ̀ lọ bá ikán. Àbúrò mi sunkún pé funfun kan náà ṣáà ni.

Ẹkún yẹn ló sún mi dé ìdí ìtàn yìí. Ní 1753, Linnaeus, ará Sweden, kó ọ̀pọ̀ olú tó ní ìlà wẹ́wẹ́ lábẹ́ fìlà sí abẹ́ orúkọ kan, Agaricus. Ní 1871, Berkeley àti Broome, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ olú kékeré kan láti Ceylon ní Agaricus microcarpus. Àwọn mìíràn fi olú ikán ti ilẹ̀ Áfíríkà sí ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọmọ ìyá tí a tú ká.

Ní 1942, Roger Heim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wo ilé wọn. Ikán a máa kó igi àti ewé gbígbẹ wọ ọ̀gán, a fi mọ ohun kan tó dà bí afárá oyin, olú a hù lára rẹ̀, a sì sọ igi líle náà di oúnjẹ fún ikán. Heim kó irú olú bẹ́ẹ̀ jọ sí ìran kan, títí kan ti Ceylon, ó sì sọ ìran náà ní Termitomyces. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni olú ikán.

Màmá àgbà ò gbọ́ orúkọ Heim rí, síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì bi olú: ilé ta ni ìwọ ti wá? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n bi lè fi májèlé se ọbẹ̀.

Ní 1975, B. A. Oso ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí olú àti àwa Yorùbá, ó sì kọ orúkọ tí à ń pè wọ́n síbẹ̀. Ó dùn mí pé mo lè kọ Termitomyces láìṣì í kọ, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ olú inú ìkòkò wa. Mo ti ra ìwé kékeré kan báyìí. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Màmá ní kí n dúró de òjò fún ìyókù, kí n lè rí ilé wọn.