Oúnjẹ Aláìní ní Ìjọ Kúdẹtì

Kúdẹtì, tí kò jìnnà sí Ọjà'ba àti Mápó, ni ìjọ CMS ti fìdí múlẹ̀ ní Ìbàdàn. David Hinderer, míṣọ́nnárì CMS tó jẹ́ ọmọ Jámánì, kọ́kọ́ wọ ìlú náà ní 1851. Ó tún padà wá pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀ ní 1853. Kò pẹ́ tí ilé wọn fi di ibi tí àwọn ọmọdé ń gbé, tí wọ́n ń kàwé, tí wọ́n sì ń jẹun.

Ogun Ìjàyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ló dán ilé yìí wò jù. Ọ̀nà Èkó dí, owó kò wọlé mọ́, ebi sì dé bá tọmọdé tàgbà. Tọkọtaya Hinderer ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ lè jẹun. Àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe onígbàgbọ́ náà ràn wọ́n lọ́wọ́, oore tó yẹ kí ìtàn ìjọ máa ròyìn dáadáa ni.

Nígbà tí tọkọtaya Hinderer lọ ní 1869, Daniel Olúbí, tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, di iṣẹ́ náà mú. Ríran ara ẹni lọ́wọ́ lóko kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ ìjọ: ọ̀wẹ̀ àti àáró ti wà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Ìsìn Ìkórè, tí Robert Hawker sọ jí ní Morwenstow, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1843, bá ìṣe àgbẹ̀ Yorùbá mu gan-an. Iṣu, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá síwájú pẹpẹ. Wọ́n á ta púpọ̀ fún owó ìjọ, wọ́n á sì fi díẹ̀ ta opó àti aláìní lọ́rẹ.

Ìjọ náà, tí a mọ̀ sí St David's, ṣì wà ní Kúdẹtì títí dòní.