Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ilẹ̀ Ṣáínà àti Àrùn Ẹ̀dọ̀: Ìtàn Àgbo, Àyẹ̀wò àti Àjẹsára

Kò sí ìran ènìyàn kan lábẹ́ ọ̀run tí kò mọ àìsàn tí í mú kí ẹyinjú pọ́n, tí í sì mú kí ìtọ̀ rí bí omi tí a fi se èèpo igi. Àwa Yorùbá ń pè é ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní huangdan. Huang yìí ni orúkọ tí wọ́n fún àwọ̀ bí ti ìyeyè. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń wá egbòogi sí i, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Nítorí náà, ìtàn wọn jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára àgbo dé lórí àrùn ẹ̀dọ̀, àti ibi tí agbára náà pin sí. Ìtàn náà ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú àròkọ yìí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìṣègùn wọn tí ó lókìkí jù ni Huangdi Neijing, tí a kó jọ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Nínú ìwé yìí, wọ́n fi ara ènìyàn wé ìlú tí ó ní ọba àti ìjòyè. Ọkàn ni ọba. Ẹ̀dọ̀ ni balógun tí ń pète ogun. Wọ́n gbà pé ẹ̀dọ̀ ni ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀, àti pé ìbínú a máa bà á jẹ́. Àwa tí a máa ń sọ fún oníbìínú pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, kò yẹ kí irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe àjèjì sí wa.

Nígbà tí ìṣèjọba ìdílé Han ń lọ sópin, ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, oníṣègùn kan wà tí ń jẹ́ Zhang Zhongjing. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, Shanghan Lun, sọ fún wa pé àwọn ìbátan rẹ̀ ju 200 ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n láàárín ọdún tí kò pé 10, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ti kú, ibà ni ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù. Ìbànújẹ́ yìí ni ó sún un dé ìdí ìwé kíkọ. Lára àwọn àgbo tí ó kọ sílẹ̀ ni yinchenhao tang. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń sè é: ewé yinchen, èso zhizi, àti gbòǹgbò dahuang tí í máa fọ inú ẹni. Wọn a kọ́kọ́ se yinchen, kí wọ́n tó kó méjì yòókù sí i. Ní èrò wọn, ooru àti ọ̀rinrin ni ó há sínú ara. Bí àgbo bá ṣiṣẹ́, wọn a bá ìtọ̀ jáde, ojú aláìsàn a sì mọ́. Títí di òní ni a ṣì ń lo àgbo yìí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Li Shizhen dé, ẹni tí ó gbé ayé láti 1518 sí 1593. Nǹkan bí ọdún 27 ni ó fi kọ ìwé Bencao Gangmu. Ó parí rẹ̀ ní 1578, ṣùgbọ́n kò sí láyé mọ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1596. Egbòogi 1,892 ni ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé Li Shizhen kò gba ọ̀rọ̀ àwọn aṣáájú rẹ̀ gbọ́ láìwádìí. Níbi tí ó ti rí i pé wọ́n ṣì í, ó tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ojú lásán ni gbogbo àwọn àgbà wọ̀nyí fi ń wo àrùn, ojú lásán kò sì lè rí ohun tí ó fa àrùn. Ní ọdún 1965, Baruch Blumberg, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun àjèjì kan tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà kan. Nígbà tí ó yá, ó hàn pé ara kòkòrò tí ń fa àrùn mẹ́dọ̀wú irú B ni. Wọ́n fún Blumberg ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ni kòkòrò yìí máa ń bá wọ ara. Ìyá tí ó ní in sì lè fi ran ọmọ rẹ̀ nígbà ìbí. Bí ó bá mú ọmọ ọwọ́ 100, nǹkan bí 90 ni kò ní kúrò lára wọn. Bí ó bá mú àgbàlagbà 100, àwọn tí yóò bá a gbé kì í pé 5. Ọ̀pọ̀ a sì gbé e kiri fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láìjẹ́ pé ojú wọn pọ́n, títí ẹ̀dọ̀ yóò fi le, tí yóò kún fún àpá, tàbí tí jẹjẹrẹ yóò mú un. Kí wá ni àgbo ojú pípọ́n fẹ́ ṣe sí ọ̀tá tí kò pọ́n ojú ẹnikẹ́ni?

Àwọn ará Ṣáínà kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní 1956, ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní Beijing, Shanghai, Guangzhou àti Chengdu. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ wọn ṣàkíyèsí èso kan tí ń jẹ́ wuweizi, ìyẹn èso tí ó ní ìtọ́wò márùn-ún. Bí ẹ̀dọ̀ bá fara gbọgbẹ́, èròjà kan a máa jò láti inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Èso yìí a sì máa mú kí èròjà náà dínkù. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe oògùn bifendate, àti lẹ́yìn náà bicyclol, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2001. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Síbẹ̀, bí aláìsàn bá dáwọ́ bifendate dúró, èròjà náà sábà máa ń gòkè padà, nítorí pé kòkòrò àrùn ṣì wà ní ìkàlẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Àwọn àgbo mìíràn tilẹ̀ ti pa ènìyàn lára. Xiao chaihu tang, tí òun náà wà nínú ìwé Zhang Zhongjing, ti dé ilẹ̀ Japan láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ń pè é ní sho-saiko-to níbẹ̀. Àwọn dókítà ń fún àwọn alárùn ẹ̀dọ̀ mu. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ìjọba Japan kéde pé àrùn ẹ̀dọ̀fóró ti mú ènìyàn 88 lára àwọn tí ń lò ó, 10 sì ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni heshouwu, tí ọ̀pọ̀ ń lò kí irun wọn má baà funfun: ní 2014, ìjọba Ṣáínà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Kí ni ó wá ṣẹ́gun? Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ní 1992, nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún 5 ní Ṣáínà, ó tó 9.67 tí ó ní kòkòrò àrùn yìí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ tuntun. Ní 2002 ó wọ ètò àjẹsára ìjọba. Láti 2005, ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Ní 2006, iye náà ti já wálẹ̀ sí 0.96, ní 2014, 0.32 ni. Ní ti ẹni tí kòkòrò náà ti wà lára rẹ̀, oògùn bí entecavir àti tenofovir lè dè é mọ́lẹ̀, bí kò tilẹ̀ sábà lé e jáde pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ewé ẹ̀yìn-olobe tí àwọn àgbà wa ń lò fún ibà pọ́njú ní ìbátan ní Ṣáínà, tí ń jẹ́ yexiazhu, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ abẹ́ ewé, nítorí èso wẹ́wẹ́ tí ó so mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ní 1988, àwọn oníwádìí ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà fún ènìyàn 37 ní ẹ̀yìn-olobe. Àmì kòkòrò àrùn pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ 22. Nínú 23 tí wọ́n fún ní oògùn ẹ̀tàn, ẹnì kan péré ni. Ayọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò ní ibòmíràn, wọn kò rí irú èsì bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa difá ọrọọrún. Ẹni tí ó bá ń tún ọ̀rọ̀ àgbà yẹ̀ wò kò tàbùkù àgbà. Ohun tí Li Shizhen ṣe nìyẹn. Láti 2004 ni àjẹsára yìí ti wà nínú ètò àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà. Àwa tí a fẹ́ di olùkọ́ ni àwọn òbí yóò máa bi léèrè. Ẹ jẹ́ kí a sọ fún wọn pé kí aboyún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ kí wákàtí 24 tó pé, kí ẹni tí ó bá sì ní àrùn náà lọ rí dókítà kí ó tó gbé ìkòkò àgbo kaná.